Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀: Ká Má Fi Pamọ́, Ká Má sì Kánjú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ìlera la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọ̀dọ́ kan nínú wa bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ojú a máa tì í, kí wọ́n má baà ní àtọ̀sí ló mú un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fà á, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú kíndìnrín òsì ní láti gba àárín òpó ẹ̀jẹ̀ méjì kọjá kó tó padà sí ọkàn. Bí àyè ibẹ̀ bá há jù, àwọn méjèèjì á fún un pọ̀ bí ẹni fi òkúta méjì pa èkùrọ́. Ní 1972, dókítà de Schepper pè é ní nutcracker, irin tí òyìnbó fi ń pa kóró èso. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà gbà á tú sínú ìtọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì á sì máa dunni. Ẹni tó tín-ín-rín tàbí tó rù lójijì ló sábà ń ṣe, nítorí ọ̀rá díẹ̀ ló yẹ kó ya òpó méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ sì mọ bí a ti ń rù lásìkò ìdánwò!

Láti 1996 ni àwọn dókítà ti ń ròyìn ìtọ́jú kan. Wọn á gba iṣan itan wọlé, wọn á ti stent, páìpù irin kékeré tí a hun bí àwọ̀n, sínú iṣan tó há kó lè là á. Wọn kì í la ikùn. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ stent lè yẹ̀ ní àyè rẹ̀ kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀. Ó sì lè kán. Ọmọ ogún ọdún tó bá gbà á lónìí lè gbé irin náà kiri fún àádọ́ta ọdún.

Nítorí náà, bí kò bá le, wọ́n á dúró ná. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó kéré tán ọdún 2 ni wọ́n sábà fi ń ṣọ́ ọ, torí bí ara ti ń dàgbà, ibẹ̀ lè là fúnra rẹ̀. Àgbà náà lè gbádùn bó bá sanra díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń ṣí iṣan náà nípò.

Ó ku tiwa. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS, AS nìkan sì lè mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá náà wà, tí à ń kó nínú odò nílé. Dókítà ìhín lè má rántí rẹ̀. Ẹ sọ méjèèjì fún un. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi í: ṣé wọ́n ti wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan náà? Ta ni yóò máa yẹ stent náà wò lọ́dọọdún? Ọ̀nà mìíràn ńkọ́?

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwé tí a wá kà, ara líle la ó fi kà á.