Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé òjijì ni Pink Floyd di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká?

Ṣé lóòótọ́ ni pé The Dark Side of the Moon, àwo ọdún 1973, ló ṣàdédé gbé Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ga? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Syd Barrett, akọrin wọn, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin inú àwo wọn àkọ́kọ́. Nígbà tó kúrò ní 1968, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, Waters, Wright, Mason àti Gilmour tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní láti wá ohùn tiwọn, ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti wá a. Ẹ gbọ́ Meddle ti 1971: orin kan ṣoṣo, Echoes, ló gba odindi ojú kejì àwo náà, ó lé ní ìṣẹ́jú 23. Ibẹ̀ ni sùúrù tí a wá ń yìn lẹ́yìn ọdún méjì ti kọ́kọ́ hàn kedere.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí ẹ̀rọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road àti ọwọ́ Alan Parsons, ẹlẹ́rọ ohùn, ló jẹ́ kí àwo 1973 náà dára tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ Parsons kò kéré rárá. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 1972 ni wọ́n ti ń kọ àwọn orin inú àwo náà lórí ìtàgé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n sì ti lókìkí ṣáájú ìgbà náà: àní, àwo wọn Atom Heart Mother ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970!

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, kí ẹ sì sọ àwo tí ẹ̀yin fẹ́ràn jù fún wa.