Ọgbà fún Ẹranko Tí A Kò Ní: Ìdáàbòbò Oko Lọ́wọ́ Ẹranko Ìgbẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìfáàrà

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ fún ènìyàn pé ìmọ̀ rẹ̀ ti di ti àtijọ́, wọ́n a ní àgbọ̀nrín èṣí ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀. Ní tèmi, àgbọ̀nrín tí mo jẹ lọ́bẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ti èṣí; ti ilẹ̀ òkèèrè ni. Mo dá oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kékeré kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Nígbà tí àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, mo ṣe ohun tí olùkọ́ máa ń ṣe: mo wá ìwé kà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Ó ní kí n fi wáyà ṣe ọgbà tí ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa, nítorí pé ẹranko tí ń jẹ oko lọ́hùn-ún mọ fífò. Mo ná owó, mo sì ná agbára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọgbà mi dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ìlà àgbàdo mẹ́ta ti wà nílẹ̀ gbalaja. Ẹranko tí ó ṣiṣẹ́ náà kò fo ohunkóhun. Abẹ́ wáyà ni ó gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó sì gbà jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà wá wò ó. Ó yí ọgbà náà ká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ọgbà yín dára o. Ẹranko tí ẹ ṣe é fún ni kò sí níhìn-ín."

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni ìpìlẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ọgbà kan ṣoṣo tí ó dára fún gbogbo ẹranko. Ẹni tí yóò dáàbò bo oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń jẹ ẹ́. Níbi tí ìmọ̀ yìí bá ti kú, májèlé ni ó sábà máa ń gba ipò rẹ̀. Májèlé kì í sì í ya ẹranko sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn.

Àgbọ̀nrín àti deer

Ẹranko tí ìwé mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní deer. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè a máa pè é ní àgbọ̀nrín, Bíbélì Yorùbá náà sì lo àgbọ̀nrín fún un nínú Orin Dáfídì ìkejìlélógójì. N kò dá àwọn atúmọ̀ lẹ́bi, nítorí pé orúkọ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni wọ́n mú. Síbẹ̀, ẹranko méjèèjì kì í ṣe ìran kan náà. Ìwo akọ deer a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín kì í já bọ́. Èyí tí ó bá hù sí i lórí ni yóò bá a dé ọjọ́ ikú. Kò sí deer nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí i nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni èyí já mọ́ fún àgbẹ̀? Ó já mọ́ ohun púpọ̀. Deer tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà lè fo ọgbà tí ó ga ju orí ènìyàn lọ, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ọgbà ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Ní California, láti ọdún 2016 tí òfin ti gba àgbàlagbà láyè láti gbin igi 6 nínú ewé tí àwa ń pè ní igbó sí ilé rẹ̀, irú ọgbà gíga bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹni tí ó bá gbìn ín síta ní ìmọ̀ràn láti ṣe. Ní ti àgbọ̀nrín tiwa, òun nìkan ni ó sábà máa ń rìn. Àṣálẹ́ àti òru ni ó fẹ́ràn láti jẹun, inú igbó dídí ni ó sì máa ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án. A máa jẹ ewé ẹ̀wà àti ọ̀mùnú ohun ọ̀gbìn tí ó bá wà létí igbó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ oko wa, kì í ṣe òun ni olórí olè.

Àpá tí olè fi sílẹ̀

Olórí olè náà ni ọ̀yà. Ẹranko tí kì í sábà wọn ju kìlógíráàmù 4 sí 7 lọ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Inú koríko gíga ni ó ń gbé, a sì máa la ọ̀nà tóóró sí abẹ́ koríko náà, èyí tí ó ń tọ̀ lóròòru. Eyín iwájú rẹ̀ ni ó fi ń gé pòròpórò àgbàdo, ìrèké àti ẹ̀gẹ́ nítòsí ilẹ̀. Ojú ibi tí ó gé a dà gẹ́rẹ́ bí ẹni pé àdá ni a fi gé e. Ohun tí ó máa ń dun àgbẹ̀ jù ni pé èyí tí ó ń wó lulẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó ń jẹ lọ.

Olè mìíràn ní àpá tirẹ̀. Àparò a máa hú irúgbìn àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí a gbìn ín. Òkété a máa gbẹ́ ihò, a sì máa kó oúnjẹ wọ inú rẹ̀ lọ. Nínú oko kòkó, ọ̀kẹ́rẹ́ a máa dá ihò sí ara èso; ọ̀bọ ní tirẹ̀ a já a, a fọ́ ọ, a sì lá omi dídùn ara kóró rẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀ga a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ títí igi yóò fi rí hánhán. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka àwọn àpá wọ̀nyí lówùúrọ̀ kò ní í ṣe ọgbà gíga nítorí ọ̀yà, kò sì ní í dẹ tàkúté sílẹ̀ nítorí ẹyẹ.

Ọwọ́ àwọn ọdẹ ni ìmọ̀ yìí pọ̀ sí jù lọ. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ewì nínú rẹ̀. Ewì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá ń ki ẹranko, ó ń sọ ibi tí ẹranko náà ń sùn, ohun tí ó ń jẹ àti bí ó ti ń sá. Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí Oǹdó, ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà, ẹni tí ó fi ọdẹ ṣe olú-ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938. Kò ṣèèṣì. Ní agbègbè yìí, ọdẹ ni ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn odi ìlú.

Ọgbà, ẹ̀bìtì àti ojú

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá ní kí n ṣe kì í ṣe ọgbà rárá. Ó ní kí n ro koríko ẹ̀gbẹ́ oko náà yípo, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀yà kì í fẹ́ la gbangba kọjá, nítorí pé abẹ́ koríko ni ààbò rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n wá ògbólógbòó páànù tí wọ́n ṣí lórí ilé, kí n rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ yí oko ká. Bí ó bá ti ga dé ìbàdí, ó tó. Ẹni tí kò bá rí páànù lè fi ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é, kí ó ṣáà fún pọ̀, kí ó sì fara mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ni ó ń jẹ oko, nígbà náà ni a nílò ọgbà gíga.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí àwọn tí oko wọn bá ara wọn pààlà bá gbin àgbàdo pọ̀ nígbà kan náà, ẹranko yóò pín ìjẹ rẹ̀ sí oko gbogbo, kò sì ní í sí oko tí yóò run tán. Ẹni tí ó dá gbìn ni yóò dá bọ́ wọn.

Ìkẹta ni ìdẹ́rùbà: ère tí a wọ̀ ní àkísà, agolo tí a so mọ́ okùn, àti ọmọdé tí ń pariwo. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ẹranko ní làákàyè. Bí ó bá rí i pé ère kan kì í kúrò lójú kan, kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri. Ní agbègbè igbó Kakum ní Gánà, àwọn àgbẹ̀ a máa fi ata lílọ̀ pò mọ́ gíríìsì, wọn a fi kun okùn tí wọ́n ta yí oko ká nítorí erin. Wọ́n mọ̀ pé imú erin ni agbára rẹ̀, imú náà ni wọ́n sì bá jà.

Ìkẹrin ni ẹ̀bìtì, tàkúté àti okùn. Yorùbá ní bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, a fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹ̀bìtì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti eku lè mú ohun mìíràn, tàkúté onírin sì ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Okùn tí a dẹ fún ọ̀yà kò ní kí akíka má kó sí i. Akíka kì í jẹ oko ẹnikẹ́ni. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn ìjọba àgbáyé sì ti fòfin de kíkó o tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti ọdún 2017. Ẹni tí ó bá dẹ okùn gbọ́dọ̀ dẹ ẹ́ sí ojú ọ̀nà ọ̀yà gan-an, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Májèlé

Àwọn kan ń wá ọ̀nà tí ó yá ju gbogbo èyí lọ. Wọ́n a da oògùn apakòkòrò sí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, wọ́n a sì fi sílẹ̀ létí oko. Kò sí àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó tí ó ti dàgbà tí kò mọ Gamalin 20. Kòkòrò ara kòkó ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn kan dà á sódò láti fi pa ẹja. Lindane ni oró inú rẹ̀. Ní ọdún 2009 ni a fi í kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ kí ayé mú kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ibi tí májèlé yìí ń lọ. Ọ̀yà tí ó jẹ ẹ́ kì í kú sínú oko ẹni tí ó dà á. Ó lè rìn dé oko ẹlòmíràn kí ó tó ṣubú. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé Ọlọ́run pèsè. Yóò yan án, yóò sì gbé e dé ẹ̀bá ọ̀nà láti tà. Ẹni tí ó rà á kò mọ oko, kò mọ olóko. Kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé iná tàbí ata láti mú májèlé kúrò nínú ẹran. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, òfin ilé wa ni pé a kì í jẹ ẹran òkú tí a kò mọ ohun tí ó pa á. Mo rò nígbà náà pé èèwọ̀ lásán ni.

Igbó inú igbó

Ọ̀ràn kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹranko ni ó wá bá wa. Àwa ni a ń lọ bá wọn. A ti gé inú àwọn igbó ọba tí ó wà ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Ìdànrè fún kòkó, fún pákó àti fún oúnjẹ. Àwọn kan sì ń wọ inú wọn lọ láti gbin ewé igbó ní ìkọ̀kọ̀. Òfin Nàìjíríà ti lòdì sí èyí láti ọdún 1966, àjọ NDLEA tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 sì ti pa ọ̀pọ̀ irú oko bẹ́ẹ̀ run ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún ìwòsàn. Ibi yòówù kí àríyànjiyàn náà parí sí, igi tí a gé ti lulẹ̀. Ẹranko tí ó pàdánù ilé rẹ̀ yóò wá oúnjẹ lọ sí ibi tí ó bá rí i, oko tí ó bá sì kọ́kọ́ kàn ni yóò jẹ gbèsè tí olóko náà kò dá.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdáàbòbò oko bẹ̀rẹ̀ láti inú ìmọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀yà bẹ̀rù gbangba yóò ro ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò wá májèlé lọ. Ìmọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ àti àgbẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò ní í wà níbẹ̀ títí. Iṣẹ́ wa ni láti lọ gbọ́ ọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí a sì dán an wò.

Ní oko tèmi, mo ṣe bí Bàbá ti wí. Ọ̀yà tún jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí oko ni ó mọ, mo sì rí àgbàdo kó wálé. Wáyà gíga tí mo ṣe fún ẹranko tí a kò ní ṣì dúró. Amúnútutù ni ó ń fà lórí rẹ̀ báyìí.