Ẹ̀rọ Èlùbọ́ àti Fáànù Eruku Lórí Sókẹ́ẹ̀tì Kan

Ìlà àwọn elélùbọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń lọ ata àti àwọn onífirísà má ṣí i kọjá.

Láti ìgbà tí àwọn kan níbẹ̀ ti ra fáànù tó ń fa eruku gba inú páìpù jáde síta, ikọ́ ti dín kù, a ò sì dà bí ẹni tó yí nínú eérú mọ́ lálẹ́. Ó dáa, a fẹ́ kí gbogbo ìlà rà á. Àmọ́ ibi tí a ń ki píláàgì rẹ̀ bọ̀ ni wàhálà wà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, òórùn rọ́bà tó ń jó la kọ́kọ́ gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa. Ẹ̀rọ èlùbọ́, fáànù eruku àti firísà aládùúgbò ni wọ́n jọ wà lórí ẹkisitẹ́ńsàn kan, wáyà rẹ̀ sì wà ní kíká bí òṣùká lẹ́yìn àpò. Ọmọdé kan ló sáré pa súìṣì. Nígbà tí a máa tú wáyà náà, ó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra. A ṣí píláàgì, kò sí fíúsì níbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi dípò rẹ̀, torí fíúsì ń já lójoojúmọ́. Ẹ má bínú, kì í ṣe ìyá yẹn nìkan, àwa tí à ń kọ èyí náà ti ṣe é rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Píláàgì ilé wa kò gbà ju ámpù 13 lọ. Ní fóòtì 230, ìyẹn ò pé wáàtì 3,000. 1HP jẹ́ wáàtì 746. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 2HP sí lára, iná tó ń jẹ máa ń ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ, ó lè sún mọ́ 2,000. Fáànù 1HP á jẹ tó 1,000. Owó ti tán nìyẹn, a ò tíì ka firísà.

Èyí tó tún wá le ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra. Ẹ wo ẹni tó ń ru ẹrù: gbígbé e sórí ló ń mú ni làágùn, bó bá ti dórí tán, à ń lọ ni. Ẹ̀rọ iná náà lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje iná tó máa ń lò, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ihò mẹ́rin ara ẹkisitẹ́ńsàn kì í ṣe agbára mẹ́rin, ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà. Bó bá wà ní kíká, ooru ò ríbi jáde, ẹ tú u sílẹ̀ tán. Fíúsì tó ń já kì í ṣe ọ̀tá, ó ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù ni.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: kí ẹ̀rọ ní ìlà tirẹ̀ láti ojú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀, àti wáyà tí kò kéré ju 2.5 lọ (ẹ̀rọ ńlá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀), kí fáànù gba ìlà mìíràn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ni kó ṣe é, kó sì yẹ earth wò, pàápàá fún àwọn tó ń lọ ata, nítorí ọwọ́ tútù àti irin ẹ̀rọ.

Lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, tí ohùn rẹ̀ bá balẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan fáànù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ̀rọ lẹ máa kọ́kọ́ pa, kí fáànù lè fa eruku tó kù nínú páìpù tán.

Bí iná ò bá lágbára, ẹ má tan ẹ̀rọ. Á máa kùn, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á jó. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ pa súìṣì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fọwọ́ gbá èlùbọ́ níbẹ̀ nígbà tí iná bá ṣàdéédé dé, ẹ ò ní fẹ́ rí ọwọ́ náà.

Eruku èlùbọ́ tó bá kún ṣọ́ọ̀bù lè gbiná lójijì, ẹ má gbé àbẹ́là tàbí àtùpà wọbẹ̀, ẹ sì máa gbọn eruku kúrò lára ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìlà tirẹ̀, kó wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Bí a bá pọ̀, oníṣẹ́ iná kan náà la máa pè wá, kó lè dín owó kù fún wa.