Èwo Ni Ká Pa Rẹ́ Nínú Fọ́tò Òde Àná?

Ìkómọjáde kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀gùn lè kó 1,000 fọ́tò sínú káàdì kámẹ́rà. Onínàáwó ò lè wo gbogbo ẹ̀. Láyé fíìmù, ẹyọ 12 tàbí 36 ni rọ́ọ̀lù kan ń gbà, torí náà kí ọwọ́ tó tẹ kámẹ́rà ni àwọn ayafọ́tò bíi J.D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968, ti ń ṣa tiwọn. Lẹ́yìn òde ni tiwa.

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí kámẹ́rà. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, fọ́tò tó rí bàìbàì á dà bíi pé ó mọ́ kedere. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún kó o sí ibòmíràn. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì pa òmíràn rẹ́, ẹ má fi káàdì yẹn yà mọ́: orúkọ fọ́tò ni kámẹ́rà pa, fọ́tò fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi gun orí rẹ̀, wọ́n sì lè rí i yọ.

Ìṣà àkọ́kọ́, ẹ yára: èyí tí iná kò tàn sí rárá, èyí tó ya ilẹ̀, èyí tí ojú ti pa dé. Ìṣà kejì ló gba sùúrù. Ká ní wọ́n ń náwó fún ìyá ìkókó, ẹ sì ya mẹ́wàá léraléra. Nínú ìkẹfà, owó bo imú rẹ̀. Nínú ìkeje, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣóńṣó gèlè rẹ̀ ti gé. Nínú ìkẹjọ, ẹ̀rín náà ṣì wà, gèlè sì pé. Ẹ fẹ ìkẹjọ lójú, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Bó bá mú, òun nìyẹn. Fọ́tò tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé tún ṣe, pàápàá bó bá jẹ́ RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ṣùgbọ́n gèlè tó ti gé ò ní padà wá.

Àwọn àgbàlagbà ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú pa fọ́tò wọn rẹ́. Màmá àgbà tó jókòó sí igun, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, tó ń tún ìborùn ṣe: ó lè má mọ́ tó bó ṣe yẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ ya fọ́tò fúnra wọn mọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ màmá náà bá ń wá èyí tí wọ́n máa lò fún ìwé ètò ìsìnkú, kámẹ́rà yín lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti yà á gbẹ̀yìn. Ẹ ya fódà àwọn àgbàlagbà sọ́tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ìdílé àti ọjọ́ sí i.