Bí Àpá Omi Lára Mọ́tò Ṣe Di Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tó Ń Ṣe Ọ̀dà

Mọ́tò tuntun ni wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn dé èbúté Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì tò wọ́n sí ìta gbangba títí àwọn tó ń tà wọ́n yóò fi wá kó wọn. Kò sẹ́ni tó tíì wà wọ́n lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó tíì gbé wọn gba ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ eruku ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àpá róbótóróbótó ń yọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé wọn. Ọṣẹ ò ká a, aṣọ ò ká a. Ojú ọ̀dà gan-an ló ti jẹ wọnú.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni irú àpá yìí di ọ̀rọ̀ ńlá láàárín àwọn tó ń ṣe mọ́tò àti àwọn tó ń ṣe ọ̀dà fún wọn. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ yí ọ̀dà ara ọ̀pọ̀ mọ́tò padà, títí kan àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tó ń fi korobá omi àti kànrìnkàn fọ mọ́tò lójúde ilé rẹ̀.

Ohun tí omi ń gbé kiri

Bó ti wù kí omi mọ́ gaara tó, ó ní ohun tó gbé dání. Omi tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá a máa yọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀, á sì kó kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù mọ́ra. Àwọn ìyá wa kò nílò ẹ̀rọ kankan láti dá irú omi bẹ́ẹ̀ mọ̀: bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó, wọ́n ti mọ̀ pé omi náà le. Òun náà ló ń di èépá funfun sí ìdí kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá dúró lórí mọ́tò, oòrùn á fa omi lọ, á sì fi òkúta inú rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó kù á tò yí etí ẹ̀kán náà ká bí òrùka, funfun bí ẹfun.

Ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ débi pé láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà níbẹ̀. Kálísíọ̀mù pọ̀ gan-an nínú òkúta náà. Omi kànga tàbí bọ́hóòlù tó bá ti gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá kò lè ṣàìgbé e dání.

Ti omi òjò yàtọ̀. Kò bá òkúta pàdé lójú sánmà, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ni yóò kó bọ̀ wálẹ̀. Kódà níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, òjò a máa kan díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó yọ́ sínú rẹ̀: òṣùwọ̀n pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5.6, nígbà tí ti omi tí kò ní ohunkóhun nínú jẹ́ 7. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń sun èédú àti epo, èéfín imí ọjọ́ á wọ inú òjò, á sì di ásíìdì. Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Scotland tó ṣiṣẹ́ ní Manchester, ti ṣàkíyèsí èyí láti ọdún 1852, nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ bo ìlú náà. Ó tẹ ìwé jáde lórí afẹ́fẹ́ àti òjò ní ọdún 1872. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀dà tuntun, àléébù tuntun

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ún bíi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí gbogbo ìpele ọ̀dà náà tó gbẹ. Ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ DuPont àti General Motors gbé Duco jáde, ọ̀dà tí wọ́n ń fín, tó ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Mọ́tò Oakland ló kọ́kọ́ lò ó. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀dà kan ṣoṣo fi ń ṣe iṣẹ́ méjì: òun ló ń fún mọ́tò ní àwọ̀, òun náà ló ń mú un dán. Bí ojú rẹ̀ bá ṣá, ẹni tó ni ín á fi pọ́líìṣì bó o, á sì fi ìda pa á.

Ọ̀dà tí wọ́n po lúbúlúbú álúmínọ́ọ̀mù mọ́, èyí tó ń kọ yinrin nínú oòrùn, ló mú ìyípadà wá. Oòrùn àti òjò tètè ń ba lúbúlúbú náà jẹ́. Wọ́n wá pín iṣẹ́ náà sí méjì: àwọ̀ á wà nísàlẹ̀, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ rárá á bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn péńtà wa ń pe ìkejì yìí ní kílíà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ló tàn ká, inú àwọn oníbàárà sì dùn sí i, nítorí èèyàn lè fi ara mọ́tò ṣe dígí wo ojú.

Ṣùgbọ́n ojú dígí kì í fi àbàwọ́n pamọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ kílíà ìgbà náà ló jẹ́ pé èròjà melamine ni wọ́n fi so ó pọ̀. Ìsopọ̀ náà lágbára, àmọ́ ásíìdì àti ooru tó bá pàdé lórí rẹ̀ lè já a.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lóru, ìrì á sẹ̀ sórí mọ́tò tí eruku àti èéfín ti bà lé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oòrùn á yọ. Òrùlé mọ́tò dúdú lè gbóná kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ ronú nípa ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná: omi rẹ̀ ń lọ, iyọ̀ rẹ̀ ò lọ, bí ó ṣe ń kéré sí i bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ásíìdì inú ẹ̀kán omi. Omi ń gbẹ, ásíìdì ń ki, títí gbogbo agbára rẹ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sójú kan lórí ọ̀dà gbígbóná. Ibẹ̀ ni yóò jẹ.

Jacksonville di ibi ìdánwò

Ooru, ọ̀rinrin, ìrì alẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó ní èéfín pàdé ní Jacksonville. Ohun tó ba mọ́tò jẹ́ níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọ̀dà sọ di olùkọ́. Wọ́n kun páànù dúdú, wọ́n fi kílíà oríṣiríṣi bò wọ́n, wọ́n sì tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja sí ìta. Ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀ nígbà ooru ilẹ̀ náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á yẹ àpá ara wọn wò, wọ́n á sì fún kálukú ní máàkì. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n tún ń kán ásíìdì sórí páànù tí ooru rẹ̀ ń lọ sókè láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀dà ti máa juwọ́ sílẹ̀.

Inú iṣẹ́ yìí ni kílíà tuntun ti jáde, èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò rọrùn fún ásíìdì láti já. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, EPA, sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1990 ni àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀dà tó ń kojú ásíìdì, àti pé ìpíndọ́gba owó tó fi kún mọ́tò kan jẹ́ dọ́là 5. Ní ọdún 1990 kan náà ni wọ́n ṣàtúnṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná dín èéfín imí ọjọ́ kù. Ọ̀dà le sí i, òfurufú náà mọ́ sí i. Síbẹ̀, kò tíì sí ọ̀dà tí àpá omi kò lè bà.

Ọyẹ́ àti òjò àkọ́rọ̀

Ní ilẹ̀ wa, ọyẹ́ ló ń tẹ́ ibùsùn fún àpá omi. Láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá kòtò Bodélé ní Ṣáàdì, ni ẹ̀fúùfù ti ń gbé eruku wá bà lé ọkọ̀ wa, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń bá a nílẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ díẹ̀, tí oòrùn sì yọ, ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ á gan mọ́ ọkọ̀ lára.

Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n kì í gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní kété tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ó fọ òfurufú àti òrùlé ná. Omi tí wọ́n gbè lẹ́yìn náà, ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀ dáadáa. Irú omi yẹn gan-an ló yẹ kí a fi ṣan mọ́tò kẹ́yìn.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Bí àpá náà bá ṣì tuntun, ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọkọ̀ fọ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí ó bá ti di funfun tó gan, ẹ po fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi mímọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Kí ọkọ̀ wà lábẹ́ ibòji, kí ara rẹ̀ sì tutù. Ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, ẹ fi lé ojú àpá náà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ nù ún jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kí fínígà gbẹ síbẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti ń bó ìda ọkọ̀ pẹ̀lú, ẹ fi ìda mìíràn pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Bí òrùka funfun bá lọ tí ojú ibẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú, ásíìdì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Pọ́líìṣì tó ń họ ojú ọ̀dà nìkan ló lè mú un dọ́gba, àmọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ gbé e fún. Kílíà kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Gbogbo ìgbà tí a bá họ ọ́ la ń dín in kù, bí ó bá sì tán, fínfín ọ̀dà tuntun ló kù. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ má ṣe fi sáńpépà tàbí irin ìfọkòkò kàn án rárá.

Bí a kò ṣe ní í jẹ́ kí ó wáyé

Ẹ kán omi tí ẹ fi ń fọ ọkọ̀ sórí dígí kan, kí ẹ gbé e sóòrùn. Bí òrùka funfun bá kù síbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń dà sórí mọ́tò yín. Ẹ wá omi tó rọ̀ jù ú lọ fún ìṣàn ìkẹyìn. Omi tí wọ́n ń dà sínú bátìrì dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ásíìdì bátìrì kọ́ ni wọ́n gbé fún yín, nítorí ìgò wọn lè jọra.

Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fọ ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀sán gangan nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń jó bí agbada. Ẹ má jẹ́ kí ìhà kan gbẹ nígbà tí ẹ ń fọ ìhà kejì. Bí ẹ bá ṣàn án tán, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì rírọ̀ tí kò ní iyanrìn lára. Ìda máa ń jẹ́ kí omi yí dànù lára ọkọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ó tètè rí ọ̀dà jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kán tó bá dúró lórí ìda pàápàá yóò fi àpá sílẹ̀ bí a kò bá nù ún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ sí ọkọ̀ yín, ẹ má sọ pé òjò ti bá yín fọ̀ ọ́. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án kí oòrùn tó mú.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nínù, kò sì gbà ju táwẹ̀lì kan lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tó bá fọ ọkọ̀ rẹ̀ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú fínígà, pọ́líìṣì tàbí péńtà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ kọ́kọ́ wá táwẹ̀lì tí ẹ máa fi nù ún.