Ta Ni "Wọ́n"? Ohun Tó Yẹ Kí A Ṣe Bí Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Pín Iná Fún Wa Bá Jẹ Gbèsè Wó

Ní ilé wa ní Alágbàká, gbólóhùn kan wà tí à ń sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ: "Wọ́n ti mú iná lọ." Bí iná bá sì dé, àwọn ọmọdé á pariwo "Up NEPA!" láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. NEPA tí wọ́n ń pè yìí ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005. Wọn kò tíì bí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ tó ń pariwo náà nígbà yẹn. Èmi gan-an tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ọmọ ọdún méjì péré ni mí nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá nínú kíláàsì síńtáàsì ní ẹ̀ka wa mọ̀ pé "wọ́n" jẹ́ arọ́pò orúkọ ẹnìkẹta ọ̀pọ̀. Ó yẹ kó ní ẹni tó ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n a tún máa ń lò ó nígbà tí a kò bá mọ olùṣe, tàbí tí a kò bìkítà láti mọ̀ ọ́n: wọ́n jí i lówó, wọ́n ti sún ìpàdé síwájú. "Wọ́n" tó ń mú iná lọ, irú èyí ni. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ni. Èmi náà kò béèrè, àfi ìgbà tí àìbéèrè náà gbówó lọ́wọ́ màmá mi.

Ọkùnrin tó wá gba gbèsè

Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kò jìnnà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀. ("Wọ́n" ti ọ̀wọ̀ nìyí o, kì í ṣe ti NEPA.) Ní ọdún 2022, ṣọ́ọ̀bù náà kò ní mítà. Bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, gbèsè sì ti ń gorí gbèsè.

Ní oṣù keje ọdún náà, ìròyìn gba ìgboro pé báńkì ti gba ilé-iṣẹ́ iná. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan fi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó so káàdì mọ́ ọrùn, ó sì mú ìwé gígùn kan dání. Ó ní, "Màmá, ilé-iṣẹ́ yín ti wó. Báńkì ló ni gbogbo gbèsè báyìí. Bí ẹ bá san ìdajì lónìí, wọ́n á pa ìyókù rẹ́." Màmá mi ka ₦18,000 fún un. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bíìlì pé òun ti gba owó, ó fọwọ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní òpin oṣù, bíìlì tuntun dé. Gbèsè náà wà níbẹ̀ ní pípé, kò dín kọ́bọ̀. Nígbà tí a lọ ṣe ìwádìí, kò sẹ́ni tó mọ ọkùnrin náà rí. Oníjìbìtì ni. Ìyá tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé fún gbogbo àdúgbò kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn pé òun san owó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde pé ilé-iṣẹ́ iná ti wó náà ni àwọn ọlọ́bẹ máa ń jáde. Ohun tó gbà wọ́n láàyè ni pé a kò mọ ohun tó wó gan-an àti ohun tí kò wó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022

NEPA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972, di PHCN ní 2005. Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ pín iṣẹ́ pípín iná sí ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá, wọ́n sì tà wọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. BEDC ni tiwa, òun ló ń pín iná ní Ondó, Èkìtì, Ẹdó àti Delta. Nínú ìpín ọgọ́rùn-ún, àwọn tó rà á, ìyẹn Vigeo, mú 60, ìjọba sì di 40 mú.

Irú ilé-iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi owó àpò rà. Àwọn tó rà wọ́n yáwó ní báńkì, wọ́n sì fi ìpín wọn dógò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe lè fi oko kòkó dógò. Bí owó kò bá wọlé tó láti san gbèsè, ẹni tó yáni lówó á wá gba ìdógò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022 nìyẹn. BPE, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí títa ilé-iṣẹ́ ìjọba, àti NERC, àjọ tó ń ṣe àmójútó iná, kéde pé Báńkì Fidelity ti fẹ́ gba ìdógò rẹ̀ lórí BEDC àti lórí ilé-iṣẹ́ ti Kano. Ti Ìbàdàn náà ti bọ́ sọ́wọ́ AMCON, àjọ tó ń gba gbèsè tó bàjẹ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùdarí tuntun. Àwọn olówó àkọ́kọ́ ní BEDC kò gbà, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó yí padà níbẹ̀ dáadáa. Ìpín ló kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. BEDC fúnra rẹ̀ kò parẹ́. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ kò yí padà, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sì dín. Èyí ni màmá mi ìbá ti mọ̀ kí wọ́n tó la pọ́ọ̀sì.

Ohun tí kì í wó

Iná tó ń dé ilé wa gba ọwọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ń ṣe é jáde, bíi ti ìdídò Kainji àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo gáàsì. TCN ń gbé e lórí òpó ńláńlá káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé-iṣẹ́ bíi BEDC ló wá ń pín in wọ àdúgbò, tó sì ń gba owó. Alágbàtà ni. Bí alágbàtà ẹja bá jẹ gbèsè, ẹja kò tán nínú omi, àwọn tó fẹ́ jẹ ẹja náà kò sì lọ síbì kankan. Nítorí náà, ìjọba kì í jẹ́ kí àdúgbò wà láìní alágbàtà.

A ti rí i ṣáájú. Ní 2015, àwọn tó ra ilé-iṣẹ́ ti Yola dá a padà fún ìjọba nítorí ogun Boko Haram. Ìjọba ló ń bójú tó o títí wọ́n fi tún un tà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, NERC tú ìgbìmọ̀ olùdarí Kaduna Electric ká, wọ́n sì fi alákòóso síbẹ̀. Nínú méjèèjì, wáyà wà lórí òpó, mítà wà lára ògiri, àwọn oníbàárà sì ń san owó wọn lọ.

Ẹ̀yin tó ti jáde tí ẹ wà ní Britain mọ irú rẹ̀. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní 2021, ilé-iṣẹ́ tó lé ní ogún ló wó níbẹ̀. Ofgem, àjọ tó ń ṣe àmójútó tiwọn, ló ń yan ilé-iṣẹ́ mìíràn fún àwọn oníbàárà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wọn kò gùn: ẹ má kánjú yí ilé-iṣẹ́ padà, ẹ ka mítà yín kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì dúró de lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tuntun. Owó tí ẹ ti san sílẹ̀ kò ní sọnù. Bulb, èyí tó tóbi jù nínú wọn, bọ́ sábẹ́ alákòóso ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ọdún kan kọjá kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó di ti Octopus Energy.

Ìyàtọ̀ tiwa ni pé ẹni tó ń gbé ní Àkúrẹ́ kò lè yan ilé-iṣẹ́ mìíràn tí yóò máa gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ilé rẹ bá wà ló sọ ẹni tí yóò pín iná fún ọ. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa ni ààbò wa.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ mọ nọ́ńbà yín. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà tàbí nọ́ńbà àkáǹtì yín sí ibi tí kì í ṣe ara bíìlì nìkan. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé olówó tuntun ń bọ̀, ẹ ya fọ́tò ojú mítà, kí yúnìtì tó kù hàn, kí ọjọ́ sì hàn. Bí ìwé wọn bá dàrú, tiyín kò ní dàrú.

2. Ẹ máa san owó lọ, ṣùgbọ́n ẹ má san án lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ wó kì í pa gbèsè rẹ́. Gbèsè á bá ìwé lọ bá olówó tuntun. Ẹ san án sí báńkì tàbí sí ojú ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹ kò bá ní mítà, tí ẹ sì ń bá wọn jà lórí bíìlì àfojúdá, ìlànà NERC ni pé kí ẹ san iye bíìlì ìkẹyìn tí ẹ kò jà lé lórí, títí wọ́n á fi yanjú ẹjọ́ náà.

3. Yúnìtì tí ẹ bá rà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí mítà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ti wà nínú mítà, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Á máa kà lọ ni. Èyí tó ṣì wà nínú fóònù ni kò dáni lójú. Ẹ rántí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí gbogbo mítà irú èyí ní àgbáyé ní láti gba nọ́ńbà àtúnṣe. Mítà tí wọn kò tún ṣe kò gba yúnìtì tuntun mọ́.

4. Bí àdúgbò bá fẹ́ dáwó ra tiráńsífọ́mà tàbí òpó, ẹ kọ́kọ́ gba àdéhùn. Ìlànà NERC ni pé kí àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé, nípa bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà, kí ẹnikẹ́ni tó náwó. Ìlérí tí máníjà kan fẹnu ṣe, òun àti máníjà náà ló jọ ń lọ nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé.

5. Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti fẹjọ́ sùn. Ilé-iṣẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ tó ń ṣe àmójútó ló kàn. Ibí yìí ni nǹkan ti yí padà fún wa. Òfin iná tuntun ti ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa ṣe àmójútó iná tirẹ̀. Ní 2024, NERC pàṣẹ pé kí iṣẹ́ náà ní Ìpínlẹ̀ Ondó bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀, tí à ń pè ní OSERB. Ó sì ní kí BEDC dá ilé-iṣẹ́ ọmọ sílẹ̀ tí yóò máa pín iná ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìyẹn ni pé orúkọ lè tún yí lórí bíìlì. Bí ó bá yí, kì í ṣe pé gbèsè parẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn yín.

Orúkọ

Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè máa ń sọ pé orúkọ kò ṣeé fi agbára yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn. Òótọ́ ni. NEPA yóò wà lẹ́nu wa nígbà tí BEDC bá ti dàgbà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kọ lẹ́tà ẹjọ́, tàbí tí a fẹ́ sanwó, "wọ́n" kò tó. Ó yẹ kí a lè dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, àti àjọ tó lè pè é lẹ́jọ́.

Màmá mi ti ní mítà báyìí. Fáìlì kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì wọn, gbogbo rìsíìtì iná láti ìgbà náà ló wà nínú rẹ̀, méjì-méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún wá, ó ní wọ́n rán òun wá yẹ mítà wò. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn: "Àwọn wo ló rán ẹ?"

Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ bá àwọn òbí yín ya fọ́tò mítà wọn. Kò gba ìṣẹ́jú kan.