Wáyà Ló Gbé Apá Bàálù Dúró

Bàálù tó wà lórí tábìlì mi báyìí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sopwith Camel ni, ọ̀kan lára àwọn bàálù ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ojúlówó rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.5 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì. Ẹ pín in sí ọ̀nà 72, ẹ ó rí i pé ó kù díẹ̀ kó pé sẹ̀ǹtímítà 12. Ìwọ̀n 1/72 yẹn ni èmi fẹ́ràn jù, torí kì í gba àyè. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń gbé, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo tò nìyí o. Àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀bi mi sì ni. Mo rà á níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ń kàwé. Rọ́bà ni gbogbo ẹ̀, wẹ́wẹ́ ló sì wà nínú páálí. Ẹni tó rà á ló máa gé e, tó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó máa kùn ún. Apá méjì ni Camel ní, ọ̀kan lókè èkejì. Biplane ni wọ́n ń pe irú bàálù bẹ́ẹ̀. Òpó tín-ín-tín-ín ló wà láàárín apá ìsàlẹ̀ àti tòkè. Nínú àwòrán ara páálí, mo rí wáyà tó gba àárín àwọn òpó yẹn kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú páálí fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kò sí wáyà kankan. Mo ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ta ló máa wò ó? Mo fo ibẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, apá òkè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ẹni tó mu ẹmu yó. Mo fọwọ́ kàn án pé kí n tún un ṣe, òpó méjì dá.

Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń fi apá méjì ṣe? Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn ò lágbára, nítorí náà bàálù ò lè sáré púpọ̀. Bí kò bá sì sáré, afẹ́fẹ́ ò ní lè gbé e dáadáa, àfi kí apá rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń ṣe bàálù tún gbà pé apá pẹlẹbẹ ló dáa jù. Ẹ wá rò ó wò: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi aṣọ bò, tó tún gùn gbọọrọ. Á ṣẹ́ ni! Ni wọ́n bá pín apá náà sí méjì, wọ́n gbé ọ̀kan lé orí èkejì, wọ́n fi òpó sáàárín, wọ́n sì fi wáyà fa gbogbo ẹ̀ le.

Ẹni tó bá ti bá wọn ta kánópì ní òde ìnáwó rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù fèrèsé, kẹ́ ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ́. Ẹ wá so okùn láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ tún so òmíì dábùú rẹ̀. Kò ní wọ́ mọ́.

Ọgbọ́n afárá ni. Octave Chanute, ẹni tó ń kọ́ afárá rélùwéè ní Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n yìí so apá méjì pọ̀ lára bàálù aláìlẹ́ńjìnnì kan ní 1896. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jẹ́ Wright lo irú ẹ̀ ní 1903. Nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà sì ra bàálù wọn àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1909, apá méjì pẹ̀lú wáyà náà ni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: wáyà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Torí náà oríṣi méjì ló gbọ́dọ̀ wà. Tí bàálù bá wà lókè, afẹ́fẹ́ ń gbé apá sókè, ẹrù àárín sì ń fà sísàlẹ̀. Wáyà tó ti ìsàlẹ̀ ara bàálù lọ sí orí òpó tó wà lọ́hùn-ún ló ń di apá mú kó má bàa ká sókè. Tó bá balẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Apá fúnra ẹ̀ ló fẹ́ rọ̀ sílẹ̀, wáyà tó ti òkè wá sí ìdí òpó náà ló máa fà á dúró. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á sinmi.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ṣá o. Wáyà roboto máa ń da afẹ́fẹ́ rú ju bó ṣe kéré tó lọ, agbára ẹ́ńjìnnì tí ò tó tẹ́lẹ̀ á sì máa ṣòfò síbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń lo wáyà tí wọ́n ṣe pẹlẹbẹ, tí etí rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín, kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá. Hugo Junkers ní Jámánì ní tiẹ̀ gbé bàálù onírin kan jáde ní 1915 tí apá rẹ̀ nípọn, tí gbogbo egungun rẹ̀ wà nínú, láìsí wáyà níta.

Mo padà sídìí Camel. Wáyà tó bá nípọn tó mìlímítà 6, tẹ́ ẹ bá pín in sí 72, á di 0.08. Irun orí nìyẹn! Òwú ìránṣọ tí mo kọ́kọ́ lò dà bí okùn ọkọ̀ ojú omi. Mo tún fi iná àbẹ́là yọ́ àjẹkù rọ́bà inú páálí, mo sì fà á. Ó fà bí ilá, ó tín-ín-rín dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ kó le ló ń já. Okùn apẹja ló gbà mí. Mo lu ihò sára apá, mo ki okùn bọ̀ ọ́, mo fà á, mo kán gọ́ọ̀mù sí i. Odidi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá fi ìka méjì mú ṣóńṣó apá pé kí n yí i, kò mì. Irú òpó kan náà, gọ́ọ̀mù kan náà o!

Ti ọ̀dà, ẹ má bi mí. PC10 ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n kùn sára bàálù Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń to bàálù ò sì tíì yéé jà lórí bóyá ó jọ ewé ni àbí ó jọ ilẹ̀. Fọ́tò ò lè dá ẹjọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà yẹn ò rí àwọ̀ pupa. Pupa á jáde bíi dúdú, búlúù á jáde bíi funfun. Mo kùn tèmi kó jọ ilẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ojúlówó kan ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà ẹ̀ ni N6812. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1918, Stuart Culley gbé e fò láti orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí ọkọ̀ ogun ń fà lójú òkun, ó sì já Zeppelin L53 bọ́ láti ojú ọ̀run. Igi, aṣọ àti wáyà ló pọ̀ jù nínú nǹkan tó jókòó sí. Mo dúró wo àwọn wáyà tó ń di apá mú lókè. Méjì-méjì ni wọ́n, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọta bá já ọ̀kan, èkejì ṣì wà.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo fi sára tèmi. Mo ti ra okùn apẹja míì.